Orí Keje: Owó Ìdìpọ̀ àti Owó Ìfiránṣẹ́ Tó Tọ́ Nínú Ọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Èròǹgbà ẹ̀kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, yóò lè:

(a) sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ọjà, owó ìdìpọ̀ àti owó ìfiránṣẹ́;
(b) ṣe ìṣirò ohun tó ń náni gan-an láti gbé ẹrù kan láti etíkun Àgbádárìgì dé ọwọ́ oníbàárà;
(d) ṣàlàyé bí àwọn òǹtajà kan ṣe ń fi èrè pamọ́ sábẹ́ owó ìfiránṣẹ́;
(e) yan ọ̀nà ìgbowó tó bá irú ẹrù àti ibi tó ń lọ mu.

1. Ta ló ń bá alárù dúnàádúrà?

Nínú ọjà ojúkojú, ọ̀rọ̀ gbígbé ẹrù kì í díjú. Ẹni tó bá ra ẹja gbígbẹ ní ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì yóò sanwó fún ìyá ẹlẹ́ja, yóò pe alárù, yóò bá a dúnàádúrà, yóò sì san owó tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kò sí nínú àdéhùn yẹn. Bí alárù bá bu owó tó pọ̀ jù, oníbàárà yóò pe ẹlòmíràn.

Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti yí ètò yìí padà. Ọdún 2012 ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Lónìí, kì í ṣe irú àwọn iléeṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ nìkan ló ń tajà mọ́: ẹni tó ń fún àdí àgbọn, ẹni tó ń yan ẹja, ẹni tó ń hun ẹní, gbogbo wọn lè gbé àwòrán ọjà wọn sórí WhatsApp, Facebook tàbí Instagram. Oníbàárà tó wà ní Sùúrùlérè kò rí alárù, kò rí awakọ̀, kò sì gbọ́ iye tí wọ́n dá lé ẹrù náà. Òǹtajà ló bá wọn ná an, òun náà ló ń sọ fún oníbàárà pé iye báyìí ni.

Ibí yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ orí yìí ti ṣẹ̀ wá. Owó ọjà jẹ́ ti òǹtajà, ó sì lè fi èrè tó bá wù ú lé e. Owó ìfiránṣẹ́ kì í ṣe tirẹ̀. Ti awakọ̀ ni, ti ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, ti alárù ni. Ọwọ́ òǹtajà ló kàn ń gbà kọjá. Ẹni tó bá gba owó lórúkọ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè sọ bó ṣe ná an.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò nìyí:

Owó ìdìpọ̀ ni owó páálí, ọ̀rá, sẹ́lótéèpù, okùn àti gbogbo ohun tí a fi di ẹrù kó má bàa bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Owó ìfiránṣẹ́ ni gbogbo owó tí a san fún àwọn tó gbé ẹrù láti ọwọ́ òǹtajà títí dé ọwọ́ oníbàárà.

Iye àpapọ̀ ni owó ọjà, owó ìdìpọ̀ àti owó ìfiránṣẹ́ tí a rò pọ̀. Òun ni iye tó ń jáde lápò oníbàárà gan-an.

Wébíìlì ni kí a fi ẹrù rán awakọ̀ èrò láti garéèjì kan dé òmíràn láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín bá ọkọ̀ náà lọ.

Èrè abẹ́lẹ̀ ni owó tí òǹtajà gbà lórúkọ ìfiránṣẹ́ tàbí ìdìpọ̀, ṣùgbọ́n tí kò ná an sórí ìkankan nínú méjèèjì.

2. Ipasẹ̀ ẹrù láti etíkun

Kò sí bí a ṣe lè dá owó tó tọ́ lé ẹrù tí a kò mọ ọ̀nà tó gbà. Ẹ jẹ́ ká mú páálí àdí àgbọn kan tí wọ́n fún ní Gbẹ̀rẹ̀fù, ilẹ̀ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, tí ó dojú kọ ìlú Àgbádárìgì.

Ẹrù náà yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí Marina Àgbádárìgì. Láti ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí ọ̀kadà yóò gbé e dé garéèjì. Ní garéèjì ni wọn yóò ti fi í ṣe wébíìlì. Ọkọ̀ yóò gba òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì, yóò kọjá Ìbẹ̀rẹ́kò, Àgbárà àti Ọ̀kọ́kọ́máíkò, títí yóò fi dé Mile 2. Òpópónà yìí gùn tó bíi kìlómítà 60 láti Eric Moore ní Sùúrùlérè dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ó sì jẹ́ ara ọ̀nà ńlá etíkun tó so Èkó pọ̀ mọ́ Àjàṣẹ́, Kútọnu, Lomé, Àkírà àti Abidjan. Ní Mile 2, ọlọ́kadà tó ń jíṣẹ́ ẹrù yóò gbà á, yóò sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà. Ẹni mẹ́rin ló gbowó lórí páálí kan yìí. Oníbàárà tó rò pé ẹyọ ọlọ́kadà kan ló gbé ẹrù rẹ̀ láti Gbẹ̀rẹ̀fù yóò máa rò pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ, bẹ́ẹ̀ owó náà lè tọ́. Ohun tó sàn ni kí òǹtajà ka ìrìn náà fún un ní ìpele-ìpele.

Wébíìlì ní ìlànà tirẹ̀ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Awakọ̀ kì í gbé ẹrù sórí ìwọ̀n. Ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n, á sì dá owó lé e bó ṣe fẹ̀ tó. Òǹtajà yóò kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò gbà á sára páálí, yóò gba nọ́ńbà awakọ̀, yóò sì ya àwòrán nọ́ńbà ọkọ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà bóyá òun ti sanwó wébíìlì tàbí wọn yóò san án níbi tí ẹrù bá ti sọ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá yéra, ẹni tó ti fi owó ránṣẹ́ sí òǹtajà lè tún san án fún awakọ̀, yóò sì di pé ẹrù kan gba owó méjì.

Owó ìfiránṣẹ́ kì í dúró sójú kan. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, jálá epo kan tí kò tó ₦200 sì di bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Gbogbo iye ìfiránṣẹ́ tí àwọn òǹtajà ti kọ síta kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó dé kò bá òótọ́ mu mọ́. Nítorí náà, kí a máa kọ ọjọ́ sí ìwé tí a fi ń polongo owó ìfiránṣẹ́, kí a sì sọ ọjọ́ tí iye náà yóò wúlò dé.

3. Dídi ẹrù

Ìdìpọ̀ tí kò dára máa ń sọ owó ìfiránṣẹ́ di òfò fún tọ̀tún-tòsì. Àdí àgbọn fi èyí hàn dáadáa. Bí ojú ọjọ́ bá ti kọjá bíi ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á yọ́. Bó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, á dì. Ní Àgbádárìgì lọ́sàn-án, bí omi ló máa ń rí nínú ìgò, ó sì ń wá ibi tí ìdérí kò bá ti fún kó lè jò. Ìgò kan tó bá jò yóò ba páálí jẹ́, yóò ba ìwé orúkọ tí a lẹ̀ mọ́ ọn jẹ́, yóò sì tún ba ẹrù ẹlẹ́rù tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ jẹ́.

Bí a ṣe ń dì í nìyí. A ó kọ́kọ́ yí ìdérí ìgò le, a ó sì fi sẹ́lótéèpù yí ọrùn ìgò po. Ìgò kọ̀ọ̀kan yóò wọ ọ̀rá tirẹ̀, a ó sì so ó lẹ́nu. A ó to wọ́n ní òòró sínú páálí, a ó sì fi ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí okùn inú èèpo àgbọn gbígbẹ dí àárín wọn kí wọ́n má bàa máa gbá ara wọn. Okùn èèpo àgbọn kì í wọ́n ní etíkun yìí, ó sì ń gba ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà dáadáa. Lẹ́yìn náà ni a ó fi kálámù kọ ọ́ sára páálí ibi tó gbọ́dọ̀ kọjú sókè.

Ti ẹja àti edé gbígbẹ yàtọ̀. A kì í di wọ́n nígbà tí wọ́n bá ṣì gbóná, torí ooru inú wọn yóò di omi nínú ọ̀rá, ẹja yóò sì bu. Ẹní kò ní wàhálà púpọ̀: a ó ká a, a ó so ó níbi mẹ́ta, a ó sì fi ọ̀rá bò ó lórí àti nísàlẹ̀.

Kí ni òǹtajà lè gba owó lé lórí nínú gbogbo èyí? Ohun tó fi owó rà, iye tó rà á. Bó bá ra yípo sẹ́lótéèpù kan tí yóò di páálí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún owó rẹ̀ ló kan páálí kọ̀ọ̀kan. Páálí tí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kò yẹ kó di páálí tuntun nínú ìṣirò. Ó lè gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí dídi ẹrù ń gba àkókò, ṣùgbọ́n kó dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí oníbàárà tó sanwó.

4. Kìlò àti ààyè

Bí ẹrù bá ń lọ sókè òkun tàbí tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú, kì í ṣe bó ṣe wúwo nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n tún ń wo ààyè tó gbà. Kìlò ààyè ni iye kìlò tí wọ́n kà sí ẹrù nítorí bó ṣe fẹ̀ tó. Ọ̀nà tí DHL àti ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn ń gbà ṣírò rẹ̀ fún ẹrù òkè òkun ni kí wọ́n sọ gígùn, ìbú àti gíga páálí di púpọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n sì fi 5,000 pín in. Wọn yóò fi kìlò ààyè wé kìlò gidi, èyí tó bá ga jù nínú méjèèjì ni wọn yóò gbowó lé.

*Àpẹẹrẹ 1.* Ẹja gbígbẹ kìlò mẹ́rin wà nínú páálí tó jẹ́ 50 × 40 × 30. Tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, a ó rí 60,000. Tí a bá fi 5,000 pín in, ó di 12. Kìlò méjìlá ni oníbàárà yóò sanwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kìlò mẹ́rin ni ẹja. Bí a bá tún un tò sínú páálí 40 × 30 × 20, kìlò ààyè di 4.8. Ẹja kò dín kù rárá, àmọ́ owó ti wálẹ̀ gidigidi. Òǹtajà tó fi ẹrù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú páálí ràgàjì nítorí pé òun ló wà nílé ti ná owó oníbàárà ní ìnákúnàá.

5. Ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

*Àpẹẹrẹ 2.* Oníbàárà kan ní Sùúrùlérè ra ìgò àdí àgbọn mẹ́fà, lítà kan ìgò kan. Lítà àdí àgbọn kan wúwo tó kìlò 0.92, nítorí náà òróró nìkan jẹ́ kìlò 5.52, pẹ̀lú ìgò àti páálí, yóò lé ní kìlò mẹ́fà díẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, òǹtajà gbé ẹrù oníbàárà mẹ́ta pọ̀ lọ sí garéèjì. (Fún ìṣirò nìkan ni àwọn iye tó wà nísàlẹ̀ yìí, iye ọjà ń yí padà.)

| Ohun tí a náwó lé | Iye |
|---|---|
| Páálí kan | ₦500 |
| Ọ̀rá mẹ́fà, ₦50 ọ̀kọ̀ọ̀kan | ₦300 |
| Sẹ́lótéèpù (₦1,500 fún páálí 15) | ₦100 |
| Ọkọ̀ ojú omi àti kẹ̀kẹ́ (₦600 fún ẹrù mẹ́ta) | ₦200 |
| Wébíìlì dé Mile 2 | ₦2,000 |
| Ọlọ́kadà láti Mile 2 dé Sùúrùlérè | ₦2,500 |
| Àpapọ̀ | ₦5,600 |

Owó ìdìpọ̀ jẹ́ ₦900, owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ ₦4,700.

Ẹ wo bí àṣìṣe ṣe lè wọlé. Bí òǹtajà bá ka odindi yípo sẹ́lótéèpù sí oníbàárà kan ṣoṣo yìí lọ́rùn, tó sì ka gbogbo ₦600 ọkọ̀ ojú omi àti kẹ̀kẹ́ sí i lọ́rùn, àpapọ̀ yóò di ₦7,400. Bó bá tún gba iye kan náà lọ́wọ́ àwọn méjì yòókù, ó ti gba owó ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta. Òdìkejì rẹ̀ náà wà, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tajà: wọn yóò rántí wébíìlì àti ọlọ́kadà nìkan, wọn yóò gba ₦4,500, ₦1,100 yóò sì jáde láti inú èrè wọn lórí páálí kọ̀ọ̀kan láìfura. Owó tó tọ́ kì í rẹ́ oníbàárà jẹ, kì í sì í rẹ́ òǹtajà jẹ.

Ọ̀nà wà láti dín ₦5,600 yìí kù. Láti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ìpínlẹ̀ Èkó ti ń gbé èrò láàárín Marina Èkó àti Mile 2, ó sì ń dúró ní National Theatre, Orílé àti Suru-Alaba. Oníbàárà tó ń gbé nítòsí ibùdó Orílé lè wọ̀ ọ́ wá gba páálí rẹ̀ ní Mile 2. Òǹtajà yóò yọ ₦2,500 ọlọ́kadà kúrò, owó yóò sì di ₦3,100. Òǹtajà tó fẹ́ràn oníbàárà rẹ̀ yóò sọ pé ọ̀nà yìí wà. Kò ní dúró dìgbà tí wọ́n bá bi í.

6. Èrè abẹ́lẹ̀

Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì eBay, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, máa ń gba ìpín lórí iye tí ọjà bá tà tẹ́lẹ̀, kì í sì í gba ohunkóhun lórí owó ìfiránṣẹ́. Àwọn òǹtajà kan rí àyè níbẹ̀. Wọ́n ń dín owó ọjà kù, wọ́n ń gbé owó ìfiránṣẹ́ sókè: ọjà dọ́là mẹ́wàá tó ní ìfiránṣẹ́ dọ́là méjì di ọjà dọ́là méjì tó ní ìfiránṣẹ́ dọ́là mẹ́wàá. Ní ọdún 2011, eBay yí ìlànà padà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpín lórí owó ọjà àti owó ìfiránṣẹ́ pọ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀tàn yìí fi ń mú ènìyàn? Àwọn olùwádìí méjì, Tanjim Hossain àti John Morgan, dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n ta àwo orin àti eré Xbox ní gbàǹjo lórí eBay. Nínú àwọn gbàǹjo kan, owó ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì kan, ìfiránṣẹ́ sì jẹ́ dọ́là 3.99, nínú àwọn mìíràn, owó ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ dọ́là mẹ́rin, ìfiránṣẹ́ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Dọ́là mẹ́rin ni méjèèjì. Síbẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní sẹ́ǹtì kan ló fa èrò púpọ̀ jù, òun ló sì pa owó jù. Owó ọjà ni ojú ń kọ́kọ́ rí, ìfiránṣẹ́ kì í wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn.

Ní etíkun wa, ibi tí èrè abẹ́lẹ̀ ti wọ́pọ̀ jù ni ìfiránṣẹ́ àpapọ̀, èyí ni pé kí a fi ọjà púpọ̀ ti oníbàárà kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlọ́kadà tó gba ₦2,500 lórí ìgò kan yóò sábà gba ₦2,500 kan náà lórí ìgò mẹ́ta tó wà nínú àpò kan. Bí òǹtajà bá ní kí oníbàárà san ₦2,500 lórí ìgò kọ̀ọ̀kan, ó gba ₦7,500, ó ná ₦2,500, ₦5,000 sì wọ àpò rẹ̀ lórúkọ ọlọ́kadà tí kò rí i. Bí ẹrù bá ti lè wọ páálí kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìfiránṣẹ́ rẹ̀. Bí ọjà kejì bá fi nǹkan kún owó ọkọ̀, iye tó fi kún un nìkan ni kí a gbà.

Òfin Nàìjíríà ní ọ̀rọ̀ sí i. Òfin Àpapọ̀ lórí Ìfigagbága àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ ní ẹsẹ 115 pé kí òǹtajà fi iye ọjà hàn, a kò sì gbọ́dọ̀ mú oníbàárà san ju iye tí a kọ síta lọ. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “₦6,000, a ó gbé e dé ilé yín” kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tún béèrè owó ọkọ̀ nígbà tí owó bá ti wọlé.

7. Ọ̀nà ìgbowó

Ọ̀nà mẹ́ta ló gbajúmọ̀. Èkíní ni iye gidi: a ó ṣírò ti oníbàárà kọ̀ọ̀kan bí a ti ṣe ní Àpẹẹrẹ 2. Òun ló tọ́ jù, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò. Èkejì ni iye kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀kẹta ni iye agbègbè, tí a fi bí wọ́n ṣe jìnnà tó pín àwọn oníbàárà.

*Àpẹẹrẹ 3.* Òǹtajà kan ní Ajárá fi ẹrù ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá: mẹ́rin ní Ìbẹ̀rẹ́kò (₦1,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan), mẹ́ta ní Ọ̀kọ́kọ́máíkò (₦3,000), méjì ní Sùúrùlérè (₦4,500), ọ̀kan ní Ìkòròdú (₦6,000). Àpapọ̀ jẹ́ ₦28,000. Bó bá fẹ́ gba iye kan náà, ₦2,800 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ará Ìbẹ̀rẹ́kò, tó wà nítòsí, yóò san ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó tirẹ̀, ará Ìkòròdú kò sì ní san tó ìdajì. Kò pẹ́ tí àwọn tó wà nítòsí yóò fi sá lọ, tí àwọn tó jìnnà yóò sì máa pọ̀ sí i, ₦2,800 kò sì ní tó mọ́. Iye agbègbè ló yẹ òǹtajà yìí.

“Ìfiránṣẹ́ ọ̀fẹ́” kò sọ pé awakọ̀ kò gbowó. A ti gbé owó rẹ̀ wọ inú owó ọjà ni. Kò burú bí iye àpapọ̀ bá ṣe kedere, ṣùgbọ́n ẹni tó wá gba ọjà fúnra rẹ̀ ní Àgbádárìgì gbọ́dọ̀ rí ẹ̀dínwó gbà.

8. Ẹrù tó bàjẹ́ tàbí tó padà

Bí ẹrù bá bàjẹ́ nítorí ìdìpọ̀, òǹtajà ló ni ẹ̀bi, òun ni yóò sì ru owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Bó bá jẹ́ pé oníbàárà ló fi àdírẹ́sì tí kò tọ́ ránṣẹ́, tàbí tí kò gbé fóònù títí ọlọ́kadà fi padà, òun ni yóò san ti ìrìn kejì. Kí a kọ èyí síbi tí oníbàárà yóò ti rí i kó tó sanwó. Àwòrán páálí tí a yà kó tó kúrò nílé máa ń parí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn.

Kókó ẹ̀kọ́

Owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ owó ẹlòmíràn tó wà lọ́wọ́ òǹtajà. Ohun tí a ná gan-an ni a fi ń ṣírò rẹ̀, tí a bá sì jọ lo nǹkan, a ó jọ pín owó rẹ̀. Iye àpapọ̀ ni kí oníbàárà fi wé ọjà sí ọjà, kí ó sì mọ̀ ọ́n kó tó sanwó.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ni (a) owó ìdìpọ̀, (b) wébíìlì, (d) kìlò ààyè, (e) èrè abẹ́lẹ̀?

2. Páálí edé gbígbẹ kan jẹ́ 60 × 40 × 25 sẹ̀ǹtímítà, ó sì wúwo tó kìlò méje. Kìlò mélòó ni iléeṣẹ́ tó ń fi 5,000 pín yóò gbowó lé? Sọ ọ̀nà kan tí òǹtajà lè gbà dín in kù.

3. Òǹtajà A ń ta ìgò àdí àgbọn kan ní ₦4,000, ìfiránṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ₦5,000. Òǹtajà B ń ta tirẹ̀ ní ₦6,000, ìfiránṣẹ́ jẹ́ ₦2,500. (a) Ọ̀dọ̀ ta ni ìgò kan ti rọ̀ jù? (b) Bí ìgò mẹ́ta bá lè wọ páálí kan náà, tí àwọn méjèèjì sì gba owó ìfiránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ ta ni ìgò mẹ́ta ti rọ̀ jù?

4. Lo iye inú Àpẹẹrẹ 2. Bí òǹtajà bá gbé ẹrù oníbàárà márùn-ún lọ sí garéèjì pọ̀ ní owó ₦600 kan náà, kí ni àpapọ̀ owó tí yóò kan ará Sùúrùlérè?

5. Òǹtajà kan kọ ọ́ síta pé ìfiránṣẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn tí oníbàárà kan ní Ẹ̀pẹ́ sanwó tán, ó ní kó fi ₦3,000 kún un. Kí ni òfin ọdún 2018 sọ nípa èyí?

6. Iṣẹ́ àjọṣe: Ẹ lọ sí garéèjì tó súnmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ẹ béèrè owó wébíìlì páálí kan náà dé Mile 2 lọ́wọ́ awakọ̀ mẹ́ta. Ẹ kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tó lè fa ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí.